Ta ló láṣẹ láti jẹ́ gúrù? Àlàyé lórí ìjà ogún inú ẹgbẹ́ Hare Krishna

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dájọ́ lórí tẹ́ńpìlì ńlá kan ní ìlú Bangalore. Ẹgbẹ́ méjì ló ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, orúkọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́: ISKCON, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù tí àwọn ará ìta mọ̀ sí Hare Krishna. Ẹni tó bá ka àkọlé ìròyìn nìkan á rò pé ìjà ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, owó náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá ni ìbéèrè kan tó ti wà nílẹ̀ láti 1977: nígbà tí gúrù tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti kú, ta ló lè gba ọmọ-ẹ̀yìn tuntun wọlé, ọmọ-ẹ̀yìn ta sì ni ẹni tuntun náà máa jẹ́?

## Kí ni ilé ẹjọ́ dá gan-an?

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Bombay, tó ti di Mumbai báyìí, ní 1971. Ẹgbẹ́ kejì forúkọ sílẹ̀ ní Bangalore ní 1978, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Karnataka. Ní 1988, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú Bangalore pín ilẹ̀ orí òkè kan tó tó éékà mẹ́fà fún ISKCON. Wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì sórí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1997.

Mumbai ní ẹ̀ka òun lásán ni Bangalore, pé ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1978 kò ṣiṣẹ́ kankan, pé òun gan-an lòun ni ilẹ̀ àti ilé. Bangalore ní irọ́ ni, òun dá dúró lábẹ́ òfin, orúkọ òun ni wọ́n sì fi pín ilẹ̀ náà. Bangalore ló gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 2001. Ó jàre ní 2009. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga Karnataka dá ìdájọ́ yẹn nù, ó ní Mumbai ló láre. Bangalore pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ sókè ní ọdún yẹn kan náà, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni adájọ́ Abhay Oka àti adájọ́ Augustine George Masih tó sọ pé Bangalore ló ni tẹ́ńpìlì. Mumbai ti béèrè pé kí wọ́n tún ìdájọ́ náà yẹ̀ wò.

Ohun tí àwọn adájọ́ wọ̀nyí yẹ̀ wò ni ìwé: ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé owó. Wọn kò sọ ẹni tó jẹ́ gúrù tòótọ́, wọn kò sì dá ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni láre. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì gbọ́.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ ń wá nínú ìwé ilẹ̀? Bí Bangalore bá jẹ́ ẹ̀ka, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lápapọ̀ lè yọ olórí rẹ̀, Madhu Pandit Das, kúrò lórí àga nítorí ohun tó gbà gbọ́ nípa gúrù, kí wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dá dúró, wọ́n lè lé e kúrò nínú ìdàpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè lé e kúrò nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn lórí lẹ́tà kan tí wọ́n kọ ní 1977 fi di ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

## Kí ni iṣẹ́ gúrù nínú ẹgbẹ́ yìí?

A. C. Bhaktivedanta Swami Prabhupada ló dá ISKCON sílẹ̀. Calcutta ni wọ́n ti bí i ní 1896. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọdún 69 nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan, Jaladuta, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1965. Ní oṣù Keje 1966 ló forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní New York. Nígbà tó fi máa kú ní Vrindavan ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1977, tẹ́ńpìlì àti ibùdó ẹgbẹ́ náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri àgbáyé.

Ìran ẹ̀sìn tó ti wá jẹ́ ti Bengal, láti ọwọ́ Chaitanya, ẹni tó gbé ayé láàárín 1486 sí 1534. Wọ́n gbà pé Krishna ni Ọlọ́run Ọba fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ìmọ̀ rẹ̀ ń ti ọwọ́ olùkọ́ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìjá, bí ẹ̀wọ̀n tí òrùka kan so kọ́ èkejì. Parampara ni wọ́n ń pe okùn ìran yìí. Kíka ìwé nìkan kò mú ènìyàn wọnú rẹ̀. Gúrù kan gbọ́dọ̀ gbà á, ìgbàwọlé yìí ni wọ́n ń pè ní díkṣà. Gúrù tó ń ṣe díkṣà yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń kọ́ni. Ènìyàn lè ní olùkọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni gúrù díkṣà rẹ̀.

Lábẹ́ òfin ISKCON lónìí, báyìí ni díkṣà ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹ́ wọlé á máa fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà olóókan 108, tí wọ́n fi igi tulasi ṣe, pe orúkọ Krishna ní ìgbà yípo 16 lójoojúmọ́. Ẹ ka iye rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń pe mantra, ìyẹn gbólóhùn àdúrà náà, lórí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìgbà 1,728 ni lójúmọ́, ó sì ń gbà tó wákàtí méjì. Òfin mẹ́rin tẹ̀ lé e: kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọtí, sìgá, tíì tàbí kọfí, kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe ọkọ tàbí aya rẹ̀ lò pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti ń ṣe èyí, ó lè sọ gúrù tí ọkàn rẹ̀ yàn. Oṣù mẹ́fà mìíràn ó kéré tán á tún kọjá. Láàárín rẹ̀, ó máa gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọ-ẹ̀yìn, ó máa ṣe ìdánwò, olórí tẹ́ńpìlì rẹ̀ á sì kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ni wọ́n á dá iná ẹbọ, á jẹ́jẹ̀ẹ́, gúrù á fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ àti orúkọ tuntun tó parí sí Das fún ọkùnrin tàbí Dasi fún obìnrin. Díkṣà kejì, tó ń sọ ènìyàn di brahmin tó lè tọ́jú ère inú tẹ́ńpìlì, kì í wáyé títí ọdún kan ó kéré tán á fi kọjá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé gbàgbọ́ pé gúrù ń gba ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ òun rù, ó sì ń bọlá fún un ju bí wọ́n ti ń bọlá fún àlùfáà lásán lọ. Ẹni tó bá wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọmọ-ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ní agbára tí ìgbìmọ̀ kankan kò lè fi ìwé ìpàdé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1977?

Láti 1970 ni Prabhupada ti dá ìgbìmọ̀ alákòóso kan sílẹ̀, ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. GBC ni gbogbo ayé ń pè é. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ti oṣù Kẹfà 1977, ó ní GBC ni yóò jẹ́ aláṣẹ ìkẹyìn lórí ìṣàkóso gbogbo ẹgbẹ́. Lórí ìṣàkóso, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé tọmọdé tàgbà. Orí díkṣà ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1977, nígbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ní Vrindavan, àwọn aṣojú GBC wá bi í pé: lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ, báwo ni a ó ṣe máa ṣe díkṣà? Ó ní òun yóò yan díẹ̀ nínú wọn láti máa ṣe é gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Wọ́n bi í bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ritvik nìyẹn, ìyẹn àlùfáà tó ń ṣe ètùtù lórúkọ ẹlòmíràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún bi í nípa àjọṣe àwọn ẹni tuntun pẹ̀lú ẹni tó bá gbà wọ́n wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ yí síbìí, ó yí sọ́hùn-ún. Ó ní ọmọ-ẹ̀yìn ọmọ-ẹ̀yìn òun ni wọ́n á jẹ́. Ó tún ní nígbà tí òun bá pàṣẹ pé kí ẹnì kan di gúrù, nígbà náà ni onítọ̀hún á di gúrù. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sórí téèpù. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn ní àwọn ọdún 1990 pé wọ́n ti fọwọ́ kan téèpù ọ̀hún.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1977, akọ̀wé rẹ̀, Tamal Krishna Goswami, kọ lẹ́tà sí gbogbo GBC àti gbogbo olórí tẹ́ńpìlì. Prabhupada fọwọ́ sí i. Lẹ́tà náà dárúkọ àgbà ọmọ-ẹ̀yìn mọ́kànlá tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ritvik. Láti ìgbà náà lọ, olórí tẹ́ńpìlì kò ní fi ìwé ìtọ́kasí ẹni tó fẹ́ wọlé ránṣẹ́ sí Prabhupada mọ́, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù nínú àwọn mọ́kànlá ni yóò fi ránṣẹ́ sí. Ẹni yẹn á gbà á, á fún un ní orúkọ, á sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada. Lẹ́tà náà sọ ọ́ ní kedere pé ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada ni ẹni tuntun náà jẹ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú. Lẹ́tà náà kò sọ bóyá ètò yìí parí sí ọjọ́ ikú rẹ̀ tàbí ó ń bá a lọ.

## Kí ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín adelé ọba àti ọba. Adelé lè jókòó sí ààfin, kó gbọ́ ẹjọ́, kó gba àlejò, síbẹ̀ adé kì í ṣe tirẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé adelé ni àwọn mọ́kànlá náà títí láé ni, tàbí ìgbà tí Prabhupada wà láyé nìkan ni wọ́n fi jẹ́ adelé?

Àwọn tó gba ètò ritvik gbọ́, tí Bangalore jẹ́ odi wọn tó lágbára jù, ní adelé ni wọ́n títí láé. Ẹ̀rí wọn mẹ́ta ni mo rí pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà jáde. Èkíní ni lẹ́tà 9 oṣù Keje fúnra rẹ̀: ó sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, kò dá ọjọ́ òpin, kò sì sí lẹ́tà mìíràn tó fagi lé e. Èkejì wá láti inú ìwé ìhágún. Níbẹ̀ ni Prabhupada ti sọ pé bí ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó dúkìá ẹgbẹ́ ní Íńdíà bá kú, ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òun ti gbà wọlé. Wọ́n ní bí kò bá ní máa gba ọmọ-ẹ̀yìn lẹ́yìn ikú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ọmọ-ẹ̀yìn ayé ìgbà rẹ̀ bá ti kú tán? Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí Tamal Krishna sọ ní California ní oṣù Kejìlá 1980, pé Prabhupada kò yan gúrù kankan rárá, ritvik mọ́kànlá ló yàn. Ẹnu ẹni tó kọ lẹ́tà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ìyẹn ni wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tamal Krishna fúnra rẹ̀ kò di ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ó tako wọn ni.

GBC, tí Mumbai wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n gbójú lé jù ni lẹ́tà tí Prabhupada kọ sí ọmọ-ẹ̀yìn kan ní oṣù Kejìlá 1975: nígbà tí gúrù bá wà láyé, ọmọ-ẹ̀yìn kì í gba ọmọ-ẹ̀yìn, ẹni tó bá wá bá a, ọ̀dọ̀ gúrù ni yóò mú un lọ, nítorí ọ̀wọ̀. Bí gúrù bá ti lọ, ó lè gbà wọ́n láìní ìdíwọ̀n. Ó pè é ní òfin okùn ìran. Fún GBC, ritvik jẹ́ ètò fún aláìsàn tí kò lè dìde mọ́. Ọmọ-ẹ̀yìn ọmọ-ẹ̀yìn òun, tó sọ lórí téèpù, kò sì lè jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti rí i rí nínú ìran Chaitanya pé òkú gúrù ń gba ènìyàn wọlé nípasẹ̀ aṣojú. Ní 1990, wọ́n kéde pé ẹ̀kọ́ ritvik jẹ́ ìyapa tó léwu. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní irú rẹ̀ kò lè di ipò mú nínú ISKCON.

Kì í ṣe ìwé mímọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí: ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, olùdásílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń bọlá fún. Àjákù ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn ẹnì kan ni wọ́n ń túmọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Apá kẹta wà tí ìròyìn kì í sábà dárúkọ. Àwọn kan gbà pé gúrù alààyè pọn dandan, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò yẹ kí ìgbìmọ̀ kankan máa fi ìbò yàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ISKCON sílẹ̀ lọ bá àwọn gúrù tó jẹ́ ọmọ ìran kan náà níta: Sridhara Maharaja ti Navadvipa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Narayana Maharaja ní àwọn ọdún 1990.

## Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, nínú ilé kan náà. Gúrù tó gba Prabhupada wọlé ní 1933, Bhaktisiddhanta Sarasvati, ni olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ Gaudiya Math. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1937. Ó ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn jọ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣàkóso papọ̀. Wọ́n fi ẹnì kan ṣe acharya, ìyẹn olórí gúrù. Kò pẹ́, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, Gaudiya Math pín sí méjì, lẹ́yìn náà ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, acharya tí wọ́n yàn pàápàá fi ipò sílẹ̀. Prabhupada kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1974 pé àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe, torí gúrù wọn kò fi ẹnikẹ́ni jẹ acharya. Ìdí nìyí tó fi dá GBC sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó rí i tó bẹ́ẹ̀ kò fi gbólóhùn kan ṣoṣo dí ihò tó kù.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn mọ́kànlá náà?

Ní 1978, GBC kéde àwọn mọ́kànlá ní gúrù pátápátá. Wọ́n pín ayé mọ́ wọn lọ́wọ́, oníkálukú ní ẹkùn tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní ẹkùn kan kò ní yíyàn, gúrù ibẹ̀ ni yóò gbà á. Nínú tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé àga ọlá gíga kalẹ̀ fún gúrù ẹkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Prabhupada, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń kọrin ìyìn rẹ̀ láràárọ̀. Owó ìwé tí wọ́n ń tà àti ọrẹ ẹkùn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àgbà ọmọ-ẹ̀yìn Prabhupada tí kò sí nínú àwọn mọ́kànlá di ẹni tó ń foríbalẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ àná.

Ibí ni àṣìṣe ètò náà wà, yálà ènìyàn gba ritvik gbọ́ tàbí kò gbà á. Lẹ́tà oṣù Keje lo ìsúnmọ́ ọ̀nà láti fi mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Ètò ẹkùn sọ ìsúnmọ́ ọ̀nà yẹn di ìjọba. Àwọn tí ọjọ́ orí púpọ̀ nínú wọn kò ju ọgbọ̀n ọdún tàbí díẹ̀ lé lọ, tí wọn kò tí ì pé ọdún mẹ́tàlá nínú ẹ̀sìn, di ẹni tí wọ́n ń bọ. Kò sí ẹni tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè ní ẹkùn wọn, torí olùbéèrè á di ẹni tó ń bú gúrù, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì nìyẹn.

Ọdún méjì péré ni wọ́n lò kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, GBC dá Tamal Krishna àti Hamsaduta dúró fún ìgbà díẹ̀. Jayatirtha kúrò ní 1982, ó kó àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló pa á ní London ní 1987. Wọ́n lé Hamsaduta ní 1983. Bhagavan, Ramesvara àti Bhavananda fi ipò sílẹ̀ láàárín 1986 sí 1987. Ti Kirtanananda ló burú jù. New Vrindaban, ìlú kékeré tó dá sílẹ̀ ní West Virginia, ló ti ń jọba. Ní 1986, wọ́n yìnbọn pa ẹnì kan tó ń kọ̀wé tako àwọn gúrù ní Los Angeles, ọmọ New Vrindaban ni wọ́n sì dá lẹ́bi ìpànìyàn náà. GBC lé Kirtanananda ní 1987. Ní 1996, ó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ẹlẹ́gbẹ́, ó ṣẹ̀wọ̀n títí di 2004. Harikesa náà kúrò ní òpin àwọn ọdún 1990. Tamal Krishna padà sípò, ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní West Bengal ní 2002. Jayapataka Swami ṣì ń gba ọmọ-ẹ̀yìn títí di àwọn ọdún wọ̀nyí.

Bí àwọn gúrù wọ̀nyí ti ń ṣubú ni ẹ̀kọ́ ritvik ń ràn. Ẹni tí gúrù rẹ̀ ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣòro láti gbà pé Prabhupada nìkan ni kò lè ṣubú mọ́.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń di gúrù nísinsìnyí?

Láti 1984 ni àwọn olórí tẹ́ńpìlì ní Àríwá Amẹ́ríkà, Ravindra Svarupa Das ṣáájú wọn, ti ń pariwo pé kí wọ́n tú ètò ẹkùn ká. Ní ìpàdé 1987 ní Mayapur, olú ilé ẹgbẹ́ ní Íńdíà, wọ́n tú u ká. Àga gíga kúrò, ẹkùn parẹ́, ẹni tó fẹ́ wọlé lè yan gúrù tó wù ú níbikíbi láyé. Wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún gúrù tuntun.

Ìlànà tó wà báyìí kò fi gúrù jẹ oyè. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ pé àwọn kò ní àtakò. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ní àdúgbò ẹni náà á yẹ ìwà, ẹ̀kọ́ àti ìtàn rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbà, orúkọ rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ GBC, àkókò á wà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láti sọ ohun tó mọ̀. Bí àtakò kò bá dúró, ó lè bẹ̀rẹ̀. Gúrù á búra pé òun yóò wà lábẹ́ GBC, ọmọ-ẹ̀yìn náà á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Prabhupada ni olórí gbogbo gúrù ISKCON. Alátakò ní ìbò ni èyí lórúkọ mìíràn. GBC ní rárá, àwọn kàn ń ṣọ́nà ni, ọmọ-ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ló ń yàn.

## Bí gúrù bá ṣubú tàbí kú ńkọ́?

Méjèèjì kò jọra. Gúrù tó kú nínú ìwà rere ṣì ni gúrù àwọn tó gbà wọlé. Wọ́n kàn ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Bhakti Tirtha Swami ṣe rí nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn wà ní Nàìjíríà àti Ghana. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti Cleveland ni, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tó di gúrù nínú ISKCON, ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi jẹ olóyè ní Warri. Ó kú ní Pennsylvania ní 2005. Nàìjíríà kò ní láti wá gúrù tuntun fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n Bhakti Tirtha kò lè gba ẹni tuntun wọlé mọ́.

Bí gúrù bá ti kúrò lọ́nà ẹ̀sìn pátápátá, òfin gba ọmọ-ẹ̀yìn láyè láti gba díkṣà mìíràn, ṣùgbọ́n kò fi ipá mú un. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ lè yí padà, okùn ọrùn brahmin á tún so, ọdún tí ènìyàn ti fi gbàdúrà fún ẹni tó jáwọ́ kì í padà wá. Èyí ni àwọn ritvik fi máa ń fa àwọn tí wọ́n ti rẹ̀.

## Ṣé obìnrin lè ṣe díkṣà?

Èyí ni ìjà tó gbóná jù nínú ISKCON fúnra rẹ̀ báyìí, ó sì ń fi hàn pé ìṣòro àṣẹ kò dúró lórí ritvik nìkan. GBC ti gbà láti 2005 pé ìwé mímọ́ kò dí obìnrin lọ́nà. Ní 2019, wọ́n ṣe ìpinnu tó fún un láyè, pẹ̀lú àfikún: ó gbọ́dọ̀ tó ẹni ọdún 55, kí ipò rẹ̀ nínú ẹbí sì dúró ire. Wọ́n ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè kọ̀ ọ́ ní agbègbè rẹ̀. Àwọn aṣáájú Íńdíà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní gúrù obìnrin nínú ìtàn jẹ́ ẹni tó ga lọ́tọ̀, a kò lè sọ ọ́ di ètò. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn tọ́ka sí Jahnava Devi, tó darí àwọn ọmọlẹ́yìn Chaitanya ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì tọ́ka sí lẹ́tà tí Prabhupada ti kọ pé òun fẹ́ kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ẹ̀mí òun jogún òun. Ìpinnu GBC wà lórí ìwé, àwọn aṣáájú Íńdíà sì jókòó sórí tiwọn, bẹ́ẹ̀ Mayapur tí í ṣe olú ilé ẹgbẹ́ wà ní Íńdíà.

## Kí ló yí padà fún ẹni tó fẹ́ wọlé?

Tẹ́ńpìlì méjèèjì ń jẹ́ ISKCON, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń pín, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Bangalore ló bẹ̀rẹ̀ Akshaya Patra ní 2000, ètò oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ ilé-ìwé tó ti di ńlá ní Íńdíà. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀ kò fi í ránṣẹ́ sí GBC.

Ìyàtọ̀ wà lórí ìwé díkṣà. Ní Bangalore, àlùfáà á dá iná, á fún ni ní ìlẹ̀kẹ̀ àti orúkọ, orúkọ Prabhupada ni wọ́n á sì kọ sí ipò gúrù. GBC kò ka díkṣà yẹn sí. Bí onítọ̀hún bá kó lọ sí ìlú tí tẹ́ńpìlì GBC nìkan wà, wọ́n á gbà á lálejò, wọ́n á fún un ní prasadam, oúnjẹ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé fún Krishna, jẹ. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan ère, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó jẹ́ gúrù rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní tó wọn, àyàfi tí ó bá tún gba díkṣà lọ́dọ̀ gúrù alààyè tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ GBC lọ sí Bangalore ní ìṣòro tirẹ̀: gúrù tó gbà á wọlé kò jẹ́ gúrù lójú wọn níbẹ̀.

Àwọn tí Prabhupada fúnra rẹ̀ gbà wọlé kí ó tó kú ni àwọn méjèèjì jọ ń kà sí. Wọ́n ti ń darúgbó báyìí, àwọn nìkan ni ìwé ìhágún sì sọ pé ó lè jẹ́ alábòójútó dúkìá ní Íńdíà.